Òrùka lára iná ọkọ̀ lálẹ́: fún ẹni tó ń fi lẹ́ǹsì sùn

Lẹ́tà kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti Àjàṣẹ́. Mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ọmọ ọdún 31 ni mí. Àjàṣẹ́ ni mò ń gbé, Kùtọnu ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Láti kékeré ni n kì í ti í rí ohun tó bá jìnnà. Nọ́ńbà awò mi jẹ́ 4,75 lójú ọ̀tún, 4,25 lójú òsì. Nígbà tí mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Faransé, ó mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, wọ́n sì fún mi ní lẹ́ǹsì líle tí mo máa ń fi sójú sùn, tí mo máa ń yọ láàárọ̀. Ó ti lé ní oṣù méjì báyìí. Lọ́sàn-án, ó dára gan-an, mo ka pátákó lẹ́tà tán, mẹ́wàá lórí mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí mo wà lórí alùpùpù mò ń bọ̀ nílé, gbogbo iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú ló ń yọ òrùka, èyí tí mo ń fi ojú ọ̀tún rí tún máa ń ní ìrù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnìkan tó wọ aṣọ dúdú ń sọdá, díẹ̀ ló kù kí n kọlù ú. Màmá mi ní lẹ́ǹsì náà ti ń jẹ mí lójú. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n ní sùúrù, pé tó bá yá ojú mi á gbó sí i, n kò ní nílò nǹkan kan mọ́. Ṣé ojú mi ti ń bàjẹ́ ni? Ṣé kí n dá a dúró? Mo tún ní ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án tí nọ́ńbà awò rẹ̀ ń lọ sókè lọ́dọọdún. Ṣé kí òun náà lò ó?"

Arábìnrin mi, ẹ kú ewu. Kí n tó ṣe àlàyé kankan, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí kò ṣeé fi falẹ̀: ẹ má gun alùpùpù lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀, títí tí dókítà á fi yẹ ojú yín wò. Ọ̀nà Kùtọnu sí Àjàṣẹ́ kò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ. Ẹ wọ táksí bọ̀, tàbí kí ẹ bẹ àwọn ọ̀gá yín kí wọ́n jẹ́ kí ẹ máa tètè kúrò níbi iṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ìyókù ọ̀rọ̀ mi, ẹ lè fara balẹ̀ kà á.

Bí mo ṣe ka lẹ́tà yín, ohun tó ń dà yín láàmú gan-an ni bí ojú kan náà ṣe lè gba mẹ́wàá lórí mẹ́wàá lọ́sàn-án kó tún wá máa ṣe báyìí lálẹ́, àti bóyá àmì pé ojú ti ń lọ nìyẹn. Láti inú ohun tí ẹ kọ, n kò rí i pé ojú yín ń bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kò sọ àsọdùn o. Ó máa ń dùn mí tí ẹni tó ń lo irú lẹ́ǹsì yìí bá sọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí lálẹ́, tí wọ́n á kàn ní kó ka pátákó, tó bá sì ti kà á tán, wọ́n á ní kò sí nǹkan kan, kó máa lọ sílé. Lẹ́tà dúdú lórí funfun báláú, nínú yàrá tí iná mọ́lẹ̀, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ló rọrùn jù fún ojú láti rí. Ẹni tó ń sọdá ọ̀nà ní Sẹ̀mẹ̀ ní aago méje alẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Aṣọ rẹ̀ dúdú, ọ̀dà dúdú, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣókùnkùn, iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ sì ń tàn sí yín lójú. Pátákó kò wọn ìyẹn rárá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí lẹ́ǹsì náà ń ṣe. Ní iwájú ẹyinjú, awọ kan wà tó mọ́ gaara, tó ta síta díẹ̀. Kọ́níà ni à ń pè é. Òun ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ kíkó ìmọ́lẹ̀ jọ kó lè pàdé lórí rẹ́tínà, ìyẹn awọ ẹ̀yìn ojú tó ń gba àwòrán. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí kì í rí ọ̀ọ́kán, ojú wọn ló gùn ju bó ṣe yẹ lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ á ti pàdé kó tó dé rẹ́tínà, ohun tó jìnnà á sì ṣe bàìbàì. Awò ń ti ibi ìpàdé náà sẹ́yìn. Lẹ́ǹsì tí a fi ń sùn ń ṣe iṣẹ́ kan náà nípa mímú kí àárín kọ́níà tẹ́ díẹ̀ lóru, kó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di alẹ́ ọjọ́ kejì. Inú lẹ́ǹsì náà ni ọgbọ́n wà. Àárín rẹ̀ tẹ́ ju kọ́níà lọ, ṣùgbọ́n bó bá ti kúrò láàárín, ó yí padà, ó kó sínú ju bí àárín rẹ̀ ṣe kó, kí ààyè lè wà níbẹ̀. Omijé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó há sáàárín lẹ́ǹsì àti ojú ló ń ti awọ náà: ó ń tẹ àárín mọ́lẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí agbègbè tó yí i ká wú díẹ̀. Bí ẹní fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ iyẹ̀fun pípò ni: àárín á tẹ́, ohun tó kúrò láàárín á kóra jọ yí i ká. Ẹ fi ohun tó kóra jọ yẹn sọ́kàn, nítorí òun ni òrùka tí ẹ ń rí ti ń wá.

Èrò yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1962, George Jessen, onímọ̀ lẹ́ǹsì ojú, ti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ike tí wọ́n fi ń ṣe lẹ́ǹsì nígbà náà kì í jẹ́ kí ọ́síjìn kọjá, ọ̀sán nìkan ni èèyàn lè fi wà lójú. Ìgbà tí wọ́n rí ike tí ọ́síjìn ń gbà kọjá dáadáa ni fífi sùn tó ṣeé ṣe, ní 2002 sì ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti ohun èlò ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí irú èyí tí èèyàn lè fi sùn, fún nọ́ńbà tí kò ju 6 lọ. Nọ́ńbà tiyín wà lábẹ́ ìyẹn, àmọ́ ó ti sún mọ́ apá òkè, ọ̀rọ̀ yẹn sì máa padà wá.

Ẹ bá mi kí màmá. Ìbẹ̀rù wọn kì í ṣe ìbẹ̀rù aláìmọ̀kan, nítorí àárín kọ́níà máa ń fẹ́lẹ́ sí i lóòótọ́. Àmọ́ kò sí ohun tó ń jẹ ẹ́. Kọ́níà nípọn tó nǹkan bí ìdajì mìlímítà láàárín. Awọ tó wà lókè pátápátá lórí rẹ̀, tó máa ń bó díẹ̀díẹ̀ tí òmíràn ń rọ́pò rẹ̀ láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan, kò nípọn ju nǹkan bí 50 máíkírọ̀n lọ, ìyẹn ìdá kan nínú ogún mìlímítà. Nínú awọ òkè yìí ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìyípadà náà ti ń ṣẹlẹ̀, kì í sì í sábà ju 20 máíkírọ̀n lọ. Tí ẹ bá dá lẹ́ǹsì dúró, kọ́níà á padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Èyí yàtọ̀ pátápátá sí iṣẹ́ abẹ lésà, níbi tí wọ́n ti ń gé nínú kọ́níà tí ohun tí wọ́n gé kò sì ní padà mọ́. Ìdí kan náà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín kò fi rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ìgbà tí ojú máa gbó débi tí ẹ ò ní nílò lẹ́ǹsì mọ́. Òru tí ẹ kò bá lò ó, ẹ máa rí i lára ojú yín lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta. Ojú tó gùn ṣì gùn bó ṣe wà. Iwájú rẹ̀ nìkan la yí padà. Nítorí náà, ẹ ṣì wà lára àwọn tó yẹ kí dókítà máa yẹ rẹ́tínà wọn wò, pàápàá tí ẹ bá rí ohun tó ń kọ mànàmànà tàbí ohun dúdú wẹ́wẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fò lójú.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ òrùka. Agbègbè tó tẹ́ láàárín kọ́níà kò tóbi. Bí wọ́n tilẹ̀ fi fẹ̀ tó mìlímítà 6 sínú lẹ́ǹsì, èyí tó tẹ́ dáadáa lójú fúnra rẹ̀ máa ń kéré sí ìyẹn, bíi mìlímítà 4 tàbí kó dín díẹ̀ tàbí kó lé díẹ̀. Ohun tó yí i ká ni ògiri tó wú. Ní ọ̀sán gangan, ọmọlójú yín, ìyẹn ihò dúdú tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, á sún kì, kò ní ju mìlímítà 2 sí 3 lọ. Gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó wọlé á gba àárín tó tẹ́ kọjá, á pàdé síbi tó yẹ, ẹ ó sì ka pátákó tán. Tí ilẹ̀ bá ṣú, ọmọlójú á ṣí sílẹ̀. Ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó lè fẹ̀ tó mìlímítà 6 tàbí 7. Ìmọ́lẹ̀ á wá máa gba orí ògiri tó wú náà wọlé, èyí tó sì gba ibẹ̀ á tẹ̀ jù, á pàdé kó tó dé rẹ́tínà, á wá tàn káàkiri lórí rẹ̀. Bí iná náà bá jẹ́ ẹyọ kan tó mọ́lẹ̀ gan-an láàárín òkùnkùn, bí iná iwájú ọkọ̀, ẹ máa rí àárín rẹ̀ kedere pẹ̀lú òrùka yí i ká. Bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó, bẹ́ẹ̀ la ṣe ní láti tẹ àárín tó, bẹ́ẹ̀ náà sì ni agbègbè tó tẹ́ ń kéré sí i tí ògiri ń ga sí i. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 2 lè lò ó fún ọdún púpọ̀ láì mọ ohun tí ẹ ń sọ. Ẹni tó ti ń lọ sí 5 máa ń mọ̀ ọ́n dáadáa.

Òrùka nìkan kọ́ ló ń dà yín láàmú, bí ẹ kò tilẹ̀ dárúkọ èkejì. Ìmọ́lẹ̀ tó tàn káàkiri rẹ́tínà yẹn máa ń dà bo gbogbo àwòrán, ohun tó dúdú kò ní dúdú tó mọ́, ohun tó mọ́lẹ̀ kò ní yàtọ̀ sí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Ojú á ṣì rí ìlà tó ṣe kedere, ṣùgbọ́n ohun tó fara jọ ẹ̀yìn rẹ̀ á rì mọ́ ọn. Ẹni tó wọ aṣọ dúdú lójú ọ̀nà yẹn, èyí ló fà á tí ẹ kò fi tètè rí i, mo sì kà á sí ewu tó ju òrùka lọ fíìfíì. Òrùka máa ń sọ fún yín pé ó wà níbẹ̀. Ohun tí ẹ kò rí kì í sọ nǹkan kan. Ọ̀nà wa náà kò ran ojú lọ́wọ́: alùpùpù tí kò ní iná ẹ̀yìn, ẹni tó kó ìgò kpayo, ìyẹn epo bẹntiróòlù fàyàwọ́, jọ sétí títì pẹ̀lú àtùpà kékeré kan, ọkọ̀ akẹ́rù tó tan iná gíga sí gbogbo èèyàn. Tí ọyẹ́ bá sì dé, tí ojú gbẹ, omijé tó yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí kọ́níà á já sí wẹ́wẹ́, á wá burú sí i.

Aago tí ẹ ń bọ̀ nílé tún ní tirẹ̀. Àtàárọ̀ tí ẹ ti yọ lẹ́ǹsì ni kọ́níà ti ń padà díẹ̀díẹ̀ sí ìrísí rẹ̀. Nígbà tó bá fi di ìrọ̀lẹ́, nọ́ńbà kékeré kan á ti padà dé, bíi 0,25, bíi 0,50, nígbà mìíràn kó lé sí i fún ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ ga tàbí tí kò sùn tó. Ohun méjì ló wá pàdé lójú yín ní aago méje: ọmọlójú ṣí, nọ́ńbà padà. Ìdí nìyí tí n kì í fi í gba àyẹ̀wò àárọ̀ nìkan lọ́wọ́ ẹni tó ń ráhùn nípa alẹ́. Ẹ ní kí wọ́n wọn ojú yín ní ìrọ̀lẹ́, ní àkókò tí wàhálà náà ń bẹ̀rẹ̀ gan-an, kí wọ́n sì dín iná yàrá kù.

Ní ti ìrù tí ẹ ń fi ojú ọ̀tún rí, mo fẹ́ kí ẹ mú un ní pàtàkì ju òrùka lọ. Òrùka tó rí rogodo, tó dọ́gba yíká, ó lè wá láti ara lẹ́ǹsì tó jókòó dáadáa. Ìrù ní ẹ̀gbẹ́ kan sábà máa ń túmọ̀ sí pé lẹ́ǹsì kò jókòó sí àárín lóru, pé ó yẹ̀ sókè, tàbí sísàlẹ̀, tàbí síhà etí, ó sì tẹ ibi tí kò yẹ. Ẹ̀rọ kan wà tó ń ya máàpù kọ́níà. Tí ohun gbogbo bá lọ bó ṣe yẹ, ẹ máa rí agbo búlúù kan láàárín gbùngbùn, èyí tó tẹ́, pẹ̀lú òrùka pupa tó yí i ká láìdá níbì kan. Tí lẹ́ǹsì bá ń gun òkè lóru, búlúù náà á wà lókè, pupa á ya bí ẹnu tó ń rẹ́rìn-ín nísàlẹ̀, etí rẹ̀ á sì wọ inú ọmọlójú. Ẹni tí máàpù rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ lè ka mẹ́wàá lórí mẹ́wàá lọ́sàn-án, mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà, síbẹ̀ alẹ́ á máa yọ ọ́ lẹ́nu. Láti inú lẹ́tà nìkan, n kò lè sọ pé bí tiyín ṣe rí nìyẹn. Máàpù ló máa sọ ọ́.

Ohun kan wà tí ẹ lè ṣe fúnra yín nílé. Lálẹ́, ẹ dúró sí iwájú ilé, ẹ wo iná òpó kan tó jìnnà díẹ̀. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì láì tẹ̀ ẹ́, ẹ fi ọ̀tún wò ó, kí ẹ ya ohun tí ẹ rí sórí ìwé: ṣé ó rogodo, ṣé ó ní ìrù, ìhà wo ni ìrù kọjú sí. Ẹ ṣe ti òsì náà. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ẹnìkan tan tọ́ọ̀ṣì fóònù láti ẹ̀gbẹ́ sí ojú tí ẹ fi ọwọ́ bò, kí ẹ ṣí ọwọ́ díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Ọmọlójú méjèèjì máa ń sún kì pa pọ̀. Tí òrùka bá kéré tàbí tó pòórá lójú kejì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ ti mọ̀ pé bí ọmọlójú ṣe ṣí ló fà á. Tí kò bá yí padà rárá, ó lè jẹ́ ohun mìíràn, bí ojú gbígbẹ tàbí ìdọ̀tí lára lẹ́ǹsì. Ẹ mú ìwé náà lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ó wúlò ju kí ẹ kàn sọ pé "n kì í ríran dáadáa lálẹ́" lọ.

Kí ló wá ṣeé ṣe? Lákọ̀ọ́kọ́, sùúrù tí ẹ̀gbọ́n yín ní kí ẹ ní ní ààyè tirẹ̀, àmọ́ ààyè náà ti kọjá. Ìríran lọ́sàn-án máa ń dúró láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, òrùka sì sábà máa ń dín kù láàárín oṣù kìíní bí agbègbè tó tẹ́ ṣe ń fẹ̀ sí i tí ọpọlọ sì ń mọ́ ọn lára. Ẹ ti lé ní oṣù méjì. Ohun tó ṣẹ́ kù báyìí, ìjókòó lásán kò ní mú un lọ. Ohun tí mo máa kọ́kọ́ gbìyànjú, nítorí kò wọ́n, ni awò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú nọ́ńbà tí wọ́n wọn ní ìrọ̀lẹ́. Á tún nọ́ńbà tó padà ṣe. Kò ní yọ òrùka kúrò, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín, ṣùgbọ́n ó lè tó láti jẹ́ kí ẹ rí ẹni tó ń sọdá. Ẹ má fi awò àtijọ́ yín rọ́pò rẹ̀. Ó ti lágbára jù fún ojú tí ẹ ní báyìí.

Ti ojú ọ̀tún, lẹ́ǹsì tuntun ni, kì í ṣe awò. Bí máàpù bá fi hàn pé ó ń yẹ̀, ẹni tó ṣe é ní Faransé lè yí fífẹ̀ rẹ̀ tàbí ìjìnlẹ̀ etí rẹ̀ padà kó lè dúró sí àárín, wọ́n sì lè fi máàpù tí ẹ yà ránṣẹ́ sí i. Ẹ tún bi ara yín bí ẹ ṣe ń sùn: ẹni tó ń dojú bo ìrọ̀rí lè máa ti lẹ́ǹsì kúrò láyè rẹ̀, ẹni tó ń sùn wákàtí mẹ́rin kò sì ní rí ohun tí ẹni tó ń sùn méje tàbí mẹ́jọ ń rí. Oògùn ìkánsójú kan wà tó ń dín bí ọmọlójú ṣe ń ṣí lálẹ́ kù. Àwọn dókítà kan ń lo brimonidine fún un, oògùn tí a mọ̀ fún ìfúnpá inú ojú. Mo mọ àwọn tó ràn lọ́wọ́, àmọ́ n kì í fún ẹnikẹ́ni gẹ́gẹ́ bí ìtọ́jú ojoojúmọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín láìsí ìwé dókítà.

Tí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tí alẹ́ kò sì yí padà, èmi ní tèmi, màá ní kí ẹ padà sí awò, tàbí sí lẹ́ǹsì rírọ̀ tí èèyàn ń lò lọ́sàn-án tó sì ń yọ kó tó sùn. Kì í ṣe pé lẹ́ǹsì yín kò dára. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5, tó sì ń gun alùpùpù lójú ọ̀nà yẹn lálẹ́ lójoojúmọ́, kì í ṣe ẹni tí mo máa kọ́kọ́ fún ní irú lẹ́ǹsì yìí láìjẹ́ pé a ti wọn ọmọlójú rẹ̀ nínú òkùnkùn, tí a sì ti sọ gbogbo èyí fún un kó tó sanwó. Olùkọ́ tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé rẹ̀ ní Kétu, tó ń wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú, ìpinnu rẹ̀ lè yàtọ̀, kó sì gbádùn rẹ̀ gan-an. Tí ẹ bá fẹ́ dá a dúró, ẹ mọ̀ pé nọ́ńbà á máa yí padà lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ohun gbogbo á máa ṣe bàìbàì, awò àtijọ́ kò sì ní bá a mu lójú ẹsẹ̀. Ẹ ṣe é nígbà ìsinmi iṣẹ́. Ó lè tó oṣù kan tàbí kó lé kí kọ́níà tó padà tán pátápátá, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má kọ awò olówó ńlá fún yín, kí wọ́n má sì bá yín sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ lésà, títí tí máàpù méjì tí wọ́n yà ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ á fi bára mu.

Ẹ kò béèrè nípa omi, ṣùgbọ́n n kò lè parí lẹ́tà yìí láì sọ ọ́, torí òun ni ohun tó lè gba ojú lọ́wọ́ èèyàn ní tòótọ́. Kòkòrò kan wà tí à ń pè ní Acanthamoeba. Ó ń gbé inú omi kànga, omi ẹ̀rọ, omi ọ̀sà, àní omi tó mọ́ lójú. Tó bá wọ abẹ́ lẹ́ǹsì tó sì sùn mọ́jú níbẹ̀, ó lè jẹ kọ́níà débi tí ìtọ́jú á gba ọ̀pọ̀ oṣù, tí àpá rẹ̀ kò sì ní lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, ọ̀pọ̀ ọmọdé ní Ṣáínà àti àgbègbè rẹ̀ ló ní egbò kọ́níà látara lẹ́ǹsì tí wọ́n fi ń sùn, àwọn tó ń tà á kò kọ́ wọn ní ìmọ́tótó, ọ̀pọ̀ sì ń fi omi ẹ̀rọ ṣan lẹ́ǹsì. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2013 fojú bù ú pé nínú 10,000 èèyàn tó bá lò ó fún ọdún kan, nǹkan bí 8 ló máa ní irú egbò bẹ́ẹ̀, nínú àwọn ọmọdé sì, nǹkan bí 14. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òfo. Nítorí náà, ẹ fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, ẹ nù ún gbẹ pátápátá, kí ẹ tó fọwọ́ kan lẹ́ǹsì. Oògùn tí wọ́n ṣe fún lẹ́ǹsì líle nìkan ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ kí ẹ sì fi ṣàn án. Kì í ṣe omi kànga, kì í ṣe omi inú ọ̀rá, kì í ṣe omi tí ẹ sè, kì í ṣe itọ́ ẹnu. Bí oògùn tí ẹ̀gbọ́n yín ń fi ránṣẹ́ bá tán, ẹ sùn láìsí lẹ́ǹsì, kí ẹ wọ awò lọ́jọ́ kejì. Tí lẹ́ǹsì bá lẹ̀ mọ́ ojú láàárọ̀, ẹ má fi èékánná yọ ọ́. Ẹ kán omijé àtọwọ́dá sí i, ẹ ṣẹ́jú fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ fi etí ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ rọra tẹ funfun ojú lábẹ́ etí lẹ́ǹsì, ẹ máa rí i tó ń rìn. Ìgbà tó bá rìn ni kí ẹ tó yọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yín yàtọ̀ sí tiyín, mo sì fẹ́ kí ẹ rí ìyàtọ̀ náà dáadáa. Ògiri tó wú tó ń fún yín ní òrùka, òun kan náà ni ọ̀pọ̀ wa gbà pé ó ń dẹ́kun bí ojú ọmọ ṣe ń gùn. Ní Hong Kong, ìwádìí kan tí èsì rẹ̀ jáde ní 2012 tẹ̀ lé àwọn ọmọ ọdún 6 sí 10 fún ọdún méjì. Ojú àwọn tó ń fi lẹ́ǹsì sùn gùn sí i ní mìlímítà 0,36, ti àwọn tó ń wọ awò lásán gùn sí i ní 0,63, ìyẹn ni pé ó fi nǹkan bí 43 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ó ń dín in kù ni, kò dá a dúró, tí ọmọ bá sì tètè fi í sílẹ̀, ojú lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í yára gùn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kì í gun alùpùpù lálẹ́, òrùka kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ewu fún un. Ewu tirẹ̀ ni ìmọ́tótó, ọrùn yín ni ìyẹn sì máa wà lálálẹ́ àti láràárọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí dókítà tó ń ṣe é kò bá sí nítòsí tí ẹ lè bá ní ọjọ́ tí ojú ọmọ bá pọ́n, n kò ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀ báyìí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà ojú ọmọdé nípa atropine tí a pò fẹ́lẹ́, oògùn ìkánsójú tó lè dín bí ojú ọmọ ṣe ń gùn kù, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ náà máa wà ní ìta gbangba, lójú ọ̀sán, fún bíi wákàtí méjì lójoojúmọ́. Ìta gbangba yẹn ń ṣiṣẹ́ jù láti má jẹ́ kí àìrí ọ̀ọ́kán bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ kò ní pa á lára.

Tí ẹ bá ń lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ mú lẹ́ǹsì dání nínú ilé rẹ̀, ìgò oògùn tí ẹ fi ń fọ̀ ọ́, awò àtijọ́, ìwé tí ẹ yàwòrán sí, àti máàpù tí wọ́n yà ní Faransé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ bá ẹ̀gbọ́n yín sọ̀rọ̀ kó gbà á lọ́wọ́ wọn lónìí, kó fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Láìsí ti ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó ń wo ti ìsinsìnyí kò ní mọ ohun tó yí padà. Bí ojú bá sì pọ́n kí ọjọ́ náà tó pé, tó ń dùn yín, tí kò fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀, tàbí tí ìríran ṣàdédé burú, ẹ yọ lẹ́ǹsì ní wákàtí yẹn, kí ẹ dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ má ra oògùn ìkánsójú kankan létí ọ̀nà, pàápàá àwọn tí wọ́n ní ó máa ń mú ojú pípọ́n lọ kíákíá. Steroid, oògùn tó ń dín pípọ́n kù láì pa kòkòrò, ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, ó sì lè jẹ́ kí egbò náà jinlẹ̀ lábẹ́ ojú tó funfun. Ẹ má fọ ilé lẹ́ǹsì náà dànù o. Ẹ gbé e lọ bó ṣe wà, torí inú rẹ̀ ni wọ́n ti lè rí kòkòrò tó fà á.